Alert Òfégè: Ta Ni Yóò San Owó Ọjà Tó Lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Kaṣíà ni mí ní ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn, ó sì ti lé ní ọdún kan tí mo ti wà níbẹ̀. 75,000 náírà ni owó oṣù mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, oníbàárà kan kó ọjà 63,000 náírà: àpò ìrẹsì kékeré kan, òróró, mílíìkì àti àwọn nǹkan mìíràn. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ojú fóònù rẹ̀ hàn mí. Orúkọ àkáǹtì wa ló wà níbẹ̀, iye owó náà pé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ti lọ. Fóònù ọ̀gá wa obìnrin ni alert máa ń wọlé sí, òde ìnáwó ni wọ́n sì wà lọ́jọ́ náà. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò gbé e. Èrò ti tò sẹ́yìn oníbàárà yìí, òun náà sì ń pariwo pé mọ́tò òun dí ọ̀nà. Mo jẹ́ kó kó ọjà lọ. Títí di òní, owó náà kò wọlé.

Nígbà tí oṣù parí, 12,000 náírà ni wọ́n san fún mi. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá mú ìwé kan jáde tí mo fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, níbi tí mo ti gbà pé èmi ni n ó máa san owó tó bá dín. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, àti pé bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn yóò fi ọlọ́pàá mú èmi àti onídùúró mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pàápàá ní ọ̀gá kò jẹ̀bi, nítorí pé èmi ni mo yọ̀ǹda ọjà. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrọ́jú. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀: ọ̀gá yín kò láṣẹ láti dá jókòó kí wọ́n sì gé 63,000 náírà kúrò nínú owó oṣù yín, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín kò sì fún wọn ní àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín pé ọ̀rọ̀ náà kò lè kàn yín rárá. Bóyá ẹ jẹ̀bi tàbí ẹ kò jẹ̀bi, ìbéèrè kan nìyẹn. Ta ló láṣẹ láti ní kí ẹ sanwó, àti pé èló ni wọ́n lè yọ lóṣù kan, ìbéèrè mìíràn ni. Ọ̀gá yín ti lọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ̀gbọ́n yín náà sì bá wọn lọ́ ọ.

Òfin tó dé ọ̀rọ̀ yìí ni Labour Act, òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní àwọn ọdún 1970, tí a ṣì ń lò títí di òní. Abala 91 ló túmọ̀ ẹni tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́: ẹni tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú agbanisíṣẹ́. Kò ka àwọn tó wà ní ipò àkóso tàbí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ́ wọn. Kaṣíà tó ń gba owó, tó ń tẹ rìsíìtì, tó ń ṣírò iye ọjà tó tà kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe, nítorí náà mo gbà pé ẹ wà lábẹ́ ibòòji òfin yìí. Ká ní mánéjà ni yín ni, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀, nítorí pé ìwé àdéhùn yín ni à bá kọ́kọ́ tú wò.

Abala 5 ni ká wá fara balẹ̀ kà. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kò gbọdọ̀ bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun yóò máa yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá a ṣe àdéhùn pé òṣìṣẹ́ náà yóò máa mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá fún òun láti àpò ara rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ àdéhùn yẹn. Kì í ṣe gígé owó nìkan ni òfin kọ̀. Ó kọ ìwé gan-an tí ọ̀gá yín ń nà sí yín lójú. Bí ènìyàn méjì bá fọwọ́ sí ìwé lórí ohun tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn lé lórí, ìfọwọ́sí wọn kò lè sún òfin náà sẹ́yìn. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì yóò fọwọ́ sí ohunkóhun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀, àwọn tó kọ òfin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan ni abala náà ṣí sílẹ̀ fún ọ̀gá tó pàdánù nǹkan. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà tí kò tọ́, tàbí tí kò bìkítà, tí ìyẹn sì kó àdánù bá agbanisíṣẹ́, wọ́n lè yọ iye tó bá mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tí à ń pè ní labour officer gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀. Nínú gbogbo irú ọ̀rọ̀ yìí tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, n kò tíì rí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó mú ìwé àṣẹ náà wá. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ gbọ́ rí pé ohun tó jọ ọ́ wà. Bí ọ̀gá yín kò bá ní in lọ́wọ́, gígé tí wọ́n gé owó yín kò bófin mu láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí gbogbo àdúgbò bá jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ iye owó tún wà níbẹ̀. Abala 5 yìí kan náà sọ pé àpapọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ kúrò nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta 75,000 náírà ni 25,000. Nítorí náà, bí ọ̀gá yín tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, tí ẹ sì jẹ̀bi kanlẹ̀, 50,000 náírà ló kéré jù tó yẹ kí ẹ gbà lóṣù yẹn. 12,000 ni wọ́n fún yín. Àlàfo 38,000 náírà tó wà láàárín méjèèjì kò ní àwíjàre kankan, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé ìṣirò ni, kì í ṣe àríyànjiyàn.

(Ìtanràn tí abala 21 là sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ tó bá gé owó lọ́nà àìtọ́ kò ju 800 náírà lọ, 1,500 náírà bó bá tún un ṣe. Lóde òní, 800 náírà kò lè ra búrẹ́dì ńlá kan. Kò sí ọ̀gá tí ìtanràn yẹn lè dẹ́rù bà. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san owó náà padà.)

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ẹ̀bi, nítorí pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Nígbà tí ẹnìkan bá fi owó ránṣẹ́ láti orí áàpù báǹkì rẹ̀, báǹkì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ owó náà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ náà yóò gba orí ẹ̀rọ NIBSS, èyí tí àwọn báǹkì ilẹ̀ wa ti ń lò láti ọdún 2011 láti fi owó ṣọwọ́ sí ara wọn lójú ẹsẹ̀, kó tó dé báǹkì tí owó ń lọ. Ohun tó ń hàn lójú fóònù oníbàárà, ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò yẹn ni. Bí oníbàárà bá tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, owó lè há sójú ọ̀nà fún wákàtí bíi mélòó kan. Bó bá wá jẹ́ gbájúẹ̀, kò sí ìrìn àjò kankan rárá: àwọn áàpù kan wà tó jẹ́ pé wọn yóò kàn tẹ orúkọ àti iye owó sí i ni, rìsíìtì yóò sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti àmì báǹkì, tí ẹni tó ń wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù kò ní lè yà á sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ orúkọ báǹkì ṣọwọ́ sí fóònù ọlọ́jà fúnra rẹ̀. Inú àkáǹtì ẹni tí owó ń bọ̀ wá bá nìkan ni òótọ́ wà.

Ta ló wá lè wo inú àkáǹtì yẹn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà? Ọ̀gá yín nìkan ni. Fóònù tí alert ń wọlé sí wà nínú báàgì wọn ní òde ìnáwó. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lọ, wọ́n sì wá ń bi ẹni tó dúró síta pé kí ló dé tí kò rí inú ilé. Bí mo bá jẹ́ labour officer, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè nìyí: ṣé ṣọ́ọ̀bù fún kaṣíà ní ohun tó lè fi mọ̀ pé owó ti wọlé? Fóònù kékeré kan tó ń gba alert, tí kò lè fi owó ránṣẹ́, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ POS lórí káńtà, tó èyí tí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà 63,000 lẹ́ẹ̀kan lè rà. Ẹni tó bá ń jẹ èrè ọjà ló ń ru àdánù tí ọ̀nà ìtajà rẹ̀ bá fà, àyàfi bí ọmọ iṣẹ́ bá fi àìbìkítà tirẹ̀ kún un.

Ìbéèrè kejì tí labour officer máa bèèrè kò ní rọrùn fún yín. Ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé ọjà kò gbọdọ̀ jáde títí ọ̀gá yóò fi ní owó ti wọlé? Ṣé wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, tàbí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp iṣẹ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ mọ̀, tí ẹ sì jẹ́ kí ọjà lọ nítorí ariwo ẹni kan, a lè pe ìyẹn ní àìbìkítà. Ìpè ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ pè wọ́n yẹn gan-an, idà olójú méjì ni. Ó fi hàn pé ẹ bìkítà, ẹ wá ẹ̀rí, ẹni tó yẹ kó fún yín lẹ́rìí ni kò sí níbẹ̀. Agbẹjọ́rò ọ̀gá yóò sì dìde, yóò ní ìpè yẹn fi hàn pé ẹ mọ̀ pé owó kò tíì dájú, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí ọjà jáde. Kí ló dé tí ẹ kò ní kí ó fi káàdì sanwó, tàbí kí ó gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò lọ́nà kó padà wá dúró? Èrò tèmi ni pé, bí kò bá sí òfin ṣọ́ọ̀bù tó ṣe kedere lórí rẹ̀, ẹ̀bi yín kéré sí ti ẹni tó ṣètò iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ múra sílẹ̀ pé wọ́n lè ní kí ẹ san díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín kò kúkú sọ̀rọ̀ lórí òfo. Láyé àtijọ́, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún gbà pé òṣìṣẹ́ jẹ agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní ojúṣe láti fi ìṣọ́ra ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ nígbà náà gbọ́ ẹjọ́ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Lister, tó fi ọkọ̀ ẹrù iléeṣẹ́ rẹ̀ rìn sẹ́yìn tó sì gbá bàbá tó bí i, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ adójútòfò tó san owó gbà-má-bínú fún bàbá gba orúkọ agbanisíṣẹ́ lọ pe ọmọ lẹ́jọ́ pé kó dá owó náà padà, ó sì borí. Ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de ilé ẹjọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú rẹ̀ kò tíì kú ní Nàìjíríà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín rí níbẹ̀ ni pé iwájú adájọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Kò sí ẹni tó kàn dúró de ìparí oṣù kó wá kó owó awakọ̀ náà sápò. Ọ̀gá yín náà lè pè yín lẹ́jọ́ bí wọ́n bá rò pé ẹ jẹ̀bi. Ọba tó ń gé ìka pàápàá a máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ kó tó mú ọ̀bẹ. Ẹni tó pàdánù kọ́ ló ń di ọ̀bẹ náà mú.

Àwọn ọ̀gá kan a tún máa wí pé ní Òkè Òkun pàápàá wọ́n ń gé owó kaṣíà tó bá ní àìpé. Òótọ́ ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1996 gbà á láàyè fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bí òṣìṣẹ́ bá ti gbà bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ṣáájú. Wọn kì í sì í sọ ìyókù: iye tí wọ́n lè gé lọ́jọ́ ìsanwó kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àyàfi bó bá jẹ́ owó ìkẹyìn tó ń gbà kó tó kúrò níbẹ̀.

Ní ti ọlọ́pàá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Kí ẹ ṣèṣì yọ̀ǹda ọjà kì í ṣe olè jíjà, onídùúró yín kò sì jí nǹkan kan. Ẹni tó yẹ kí ọlọ́pàá máa wá ni gbájúẹ̀ tó kó ìrẹsì lọ. Ṣé ọ̀gá yín tiẹ̀ ti lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ṣé wọ́n ti tọ́jú àwòrán kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ náà? Bí wọn kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, tó jẹ́ pé owó oṣù yín ni wọ́n kọ́kọ́ rántí, ẹ rán labour officer létí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín níbi tí ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà wà, pẹ̀lú déètì àti aago, nítorí pé fóònù a máa pa ìtàn ìpè àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp iṣẹ́, ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́, àní èyí tí kò gbè yín. Ẹ gba ìwé àkáǹtì yín ní báǹkì, kí ó fi hàn pé 75,000 ló máa ń wọlé tẹ́lẹ̀ àti pé 12,000 ló wọlé lóṣù yẹn. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba ohun tó jáde láti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó ní ìlànà tirẹ̀ ní abala 84, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbẹjọ́rò nìyẹn. Tiyín ni kí ẹ̀rí náà má sọnù.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé kékeré kan sí ọ̀gá, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan pamọ́. Kò nílò gígùn: “Ọ̀gá mi, mo kí yín. Nínú owó oṣù mi tó kọjá, ẹ yọ 63,000 náírà nítorí ọjà tí oníbàárà kan kó lọ láìsanwó. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ìwé àṣẹ labour officer tó fàyè gba yíyọ owó náà hàn mí. Bí kò bá sí, mo bẹ̀ yín kí ẹ san owó náà fún mi.” Ẹ má bú wọn, ẹ má tún ìtàn ọjọ́ náà rò síbẹ̀, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má kọ “ẹ forí jì mí” tàbí “ẹ má bínú sí àṣìṣe mi.” Mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ni, mo sì mọ̀ pé lẹ́nu wa, ẹni tí kò ṣẹ̀ pàápàá lè sọ ọ́ kí ilé lè tòrò. Lórí ìwé, níwájú ẹni tí kò mọ̀ yín, gbígba ẹ̀bi ló máa jọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí wọn kò dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà àti àwọn ẹ̀rí yín lọ sí ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, kí ẹ ní labour officer ni ẹ fẹ́ rí. Wọn yóò pe ọ̀gá yín wá. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í kọjá orí tábìlì yẹn. Ilé ẹjọ́ tí ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé ẹjọ́ iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ni National Industrial Court, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ láàárín ara wa: lórí 63,000 náírà, owó agbẹjọ́rò lè ju owó tí ẹ ń gbà jà lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé ẹjọ́ náà wà, kí ọ̀gá yín náà sì mọ̀ pé ẹ mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ má sá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti lò ju ọdún kan tí kò sì tíì pé méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni Labour Act ní kí ẹ fi ṣe ìkìlọ̀, lórí ìwé, bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín kò bá sọ iye mìíràn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ dúró, tí ọ̀gá yín wá rọ̀, tí wọ́n ní kí ẹ jẹ́ ká pín àdánù náà, ó lè jẹ́ ìmọ̀ràn rere, pàápàá bí òfin ṣọ́ọ̀bù bá ti wà tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú labour officer ni kí ẹ ti fẹnu kò, kí wọ́n kọ iye tí ẹ ó san lápapọ̀ àti iye tí wọn yóò máa yọ lóṣù síbẹ̀, kó má ju 25,000 lọ. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé láti ọjọ́ náà lọ, fóònù kan tó ń gba alert ṣọ́ọ̀bù yóò wà lórí káńtà níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó o.